Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí Ohùn Ìsọ̀rọ̀ Olórin Rọ́ọ̀kì Ṣe Ń Yí Padà Tó Bá Ń Dàgbà

Iṣẹ́: Èdè Yorùbá pẹ̀lú Ẹ̀kọ́ Orin
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80 (píríọ́dù méjì pa pọ̀)

Ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní tẹ́lẹ̀

Wọ́n ti kọ́ nípa ẹ̀yà ara ìfọ̀ ní SS 1. Wọ́n mọ ẹ̀dọ̀fóóró, kòmóòkun, gògóńgò, tán-án-ná, àjà ẹnu, ahọ́n àti ètè, wọ́n sì lè ya ìró akùnyùn sọ́tọ̀ kúrò lára àìkùnyùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rò rí ni pé tán-án-ná yìí náà ń darúgbó.

Àwọn kan kò ní mọ ohun tí à ń pè ní orin rọ́ọ̀kì. Ẹ sọ fún wọn ní ṣókí pé Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, pé inú orin búlúùsì àwọn ènìyàn dúdú ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di tiwọn ní àwọn ọdún 1960, àti pé gìtá oníná pẹ̀lú ìlù tó ń dún kíkankíkan ni olórin rẹ̀ ń bá du ohùn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ó kàn wá jù lónìí.

Ohun èlò ìkọ́ni

Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, spíkà kékeré, íápíìsì tó bo etí dáadáa, kọ̀ǹpútà tí Praat wà lórí rẹ̀, bó bá wà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Amsterdam ni wọ́n ṣe Praat, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì tí wọ́n bá Marianne Faithfull ṣe, ọ̀kan láti àwọn ọdún 1960, èkejì láti ìgbà tó ti di àgbàlagbà. Ẹ gbà á sórí fóònù láti ilé, kí ẹ sì rí i pé bátìrì kún. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba fún ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ gbígbọ́ ti fẹ́ ba píríọ́dù méjì jẹ́.

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí tán-án-ná, kí ó sì lè sọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ orí rárá. Èyí kejì ni ó ṣòro. Bí a bá gbọ́ ohùn olórin kan tó ti ha, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé àgbà ti dé. Mo fẹ́ kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú irú ìdájọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ ẹnu, tí a fi orin sílẹ̀

Ọgbọ́n tí olórin ẹni 70 ọdún lè dá lórí ìtàgé pọ̀. Ó lè ní kí wọ́n rẹ gìtá sílẹ̀ díẹ̀ kí orin má baà ga ju ọ̀fun òun lọ. Ó lè gba elégbè tó mọṣẹ́ kí wọ́n máa bá a gbé ibi tó le. Ó lè na makirofóònù sí èrò ìwòran nígbà tó bá kù díẹ̀ kí orin dé ibi tí apá rẹ̀ kò ká mọ́, àwọn èrò á sì máa yọ̀ pé ó fẹ́ràn àwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó síwájú oníròyìn, tí wọ́n bi í pé báwo ni ara, kò sí gìtá, kò sí elégbè. Ohùn tó ṣẹ́ kù ni yóò fi dáhùn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ti ṣe sí olórin, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ ni ká lọ gbọ́.

Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ ohùn méjèèjì láìdárúkọ ẹni tó ni ín. Ìṣẹ́jú kan péré tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan náà ni àbí ènìyàn méjì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ní ìyá àti ọmọ ni, kí àwọn kan ní ẹnì kan náà ni, ó ti darúgbó ni, kí àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ọkùnrin ni èkejì. Ẹ má ṣe tún un ṣe fún wọn. Ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sójú pátákó, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ títí a ó fi dé Ìgbésẹ̀ Kẹta.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Tán-án-ná lẹ́nu iṣẹ́

Kí olúkúlùkù fi ìka méjì lé gògóńgò rẹ̀. Kí wọ́n pe "sssss", lẹ́yìn náà "mmmmm". Wọn yóò rí i pé nǹkan ń gbọ̀n lábẹ́ ìka nígbà kejì, tí kò gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Tán-án-ná méjèèjì ni wọ́n ń pàdé ara wọn tí wọ́n sì ń pínyà, bí ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí èémí láti ẹ̀dọ̀fóóró bá ń kọjá.

Ẹ wá béèrè iye ìgbà tí wọ́n rò pé àtẹ́wọ́ yìí ń wáyé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n bá ti méfò tán, ẹ fún wọn ní iye rẹ̀: bí ọkùnrin tó ti bàlágà bá ń sọ̀rọ̀ lásán, tí kò pariwo, ó wà láàárín 100 sí 130, ti obìnrin wà ní nǹkan bíi 180 sí 220. Tán-án-ná ọmọ tuntun kò gùn ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Ti obìnrin àgbà wà láàárín 11 sí 15, ti ọkùnrin àgbà 17 sí 21. Bí ó bá ṣe gùn tó, tó sì ṣe nípọn tó, ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń dẹ̀ tó, ohùn á sì wálẹ̀.

Kí Manuel García tó dé, kò sí ẹni tó tíì fi ojú rí tán-án-ná alààyè dáadáa lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ orin ni, ọmọ Sípéènì. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nígbà èwe kí ohùn rẹ̀ tó bàjẹ́. Ní 1854, dígí kékeré ni ó tì bọ ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì fi dígí kejì darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn síbẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ohùn já kulẹ̀ ni, tó sì fẹ́ fi ojú rí bí ohùn ṣe ń jáde. Ó pé ẹni 101 ọdún kó tó kú ní London ní 1906.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ohun tí ọjọ́ orí nìkan ń ṣe

Ọ̀nà ọkùnrin àti ti obìnrin kò dọ́gba níbí, ó sì yẹ kí ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, họ́mónù obìnrin inú ara rẹ̀ á dínkù, tán-án-ná rẹ̀ á sì máa nípọn sí i. Ohùn ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ọkùnrin yàtọ̀. Láti nǹkan bí 60 tàbí 70 ọdún, tán-án-ná rẹ̀ á máa tín-ín-rín, ẹran inú rẹ̀ á máa joro, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò sì ní pàdé tán mọ́. Ohùn á ga sókè, á fúyẹ́, èémí á sì máa jò níbẹ̀. Bàbá àgbà tí ohùn rẹ̀ ti ń mi ilé tẹ́lẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tó kan àwọn méjèèjì ni pé omi tó ń mú tán-án-ná tutù á dínkù, egungun rírọ̀ tó gbé gògóńgò ró á máa le, ẹ̀dọ̀fóóró kò sì ní lè ti èémí jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi máa ń gé gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta mí kanlẹ̀, kí wọ́n pe "aaaa" títí èémí á fi tán. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 25 kò ṣòro fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá lè béèrè pé bí ohùn màmá àgbà bá ti wálẹ̀ tó báyìí, kí ló dé tí a ṣì ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ lẹ́nu wọn? Ìbéèrè gidi ni, ẹ yìn ín. Ohùn òkè kò ní iye kan pàtó tó gbọ́dọ̀ dé. Kó ṣáà ti ga ju ohùn àárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, àlàfo àárín wọn sì wà bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Marianne Faithfull

Ẹ wá dárúkọ ẹni tó ni ohùn méjèèjì.

Hampstead ní London ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1946. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ní ìlú Reading ni ó lọ. Ní 1964, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó gbé As Tears Go By jáde, orin tí Mick Jagger àti Keith Richards ẹgbẹ́ Rolling Stones lọ́wọ́ sí kíkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ni yóò dáhùn, pẹ̀lú ẹnu ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 dé, heroin ti mú un. Wọ́n gba ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ìta gbangba ní Soho, láàárín ìlú London, di ibùgbé rẹ̀. Sìgá kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, àìsàn ọ̀fun tó le sì tún dé sí i. Ní 1979 ó gbé Broken English jáde, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ sì ya ẹnu: ohùn náà ti wálẹ̀, ó ti ha, ó ń já láàárín ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sójú pátákó, ní gàdàgbà: 17 àti 32. Ọmọ ọdún 32 ni nígbà tí Broken English jáde. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn rí i. Àwọn tó ní "ó ti darúgbó" ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yóò wo nọ́ńbà yẹn, wọn yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò dúró. Nǹkan oṣù kò tíì dúró fún obìnrin ọmọ ọdún 32. Ọdún 15 kì í sọ ohùn tó mọ́ di ohùn híha. Àgbà tí a kà sí i lọ́rùn, kò tíì dé rárá nígbà tí ohùn náà ti lọ.

Kí wá ni sìgá ń ṣe? Lábẹ́ awọ tán-án-ná ni àlàfo tóóró kan wà tí wọ́n fi orúkọ Friedrich Reinke pè, onímọ̀ ẹ̀yà ara ọmọ Jámánì tó kọ nípa rẹ̀ ní 1895. Bí èéfín bá ń lu ibẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi tó ki á sé sínú àlàfo náà, tán-án-ná á wú, á sì wúwo. Ohun tó wúwo kì í gbọ̀n kíákíá. Ti obìnrin ni a sì máa ń tètè mọ̀, nítorí ohùn tirẹ̀ ni ó ní ibi tó ga láti já bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń pè é lórí fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní "ẹ káàárọ̀ sà".

Ohun tó mú mi yan Faithfull nínú gbogbo olórin tí mo lè yàn ni iṣẹ́ kan tó ṣe lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ní 2021 ó gbé She Walks in Beauty jáde pẹ̀lú Warren Ellis, olórin ọmọ Ọsirélíà. Kò kọrin níbẹ̀ rárá. Ewì àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ bíi Byron, Keats àti Shelley ni ó ń kà, tí orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gba díẹ̀ sílẹ̀ kí àrùn Kòrónà tó gbé e dé ọsibítù ní 2020, ó sì ka ìyókù lẹ́yìn tó bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni 74 ọdún ni nígbà tí àwo náà jáde.

Bí ẹ bá lè rí i, ẹ jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan ṣoṣo: kí wọ́n gbọ́ ibi tó ti ń mí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un gbọ́, kí wọ́n sì dẹ etí sí àwọn kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀. Ohùn ti rẹlẹ̀, ó ti rí yangí, èémí kò gùn. Síbẹ̀ gbogbo kọ́ńsónáǹtì pé. Ẹnu ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Reading ṣì wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Ọ̀fun ni ó gba gbogbo ìyà. Ahọ́n àti ètè kò gbàgbé ohunkóhun. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ohùn ẹnì kan ti yí padà, ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa béèrè pé ibo nínú ẹ̀yà ara ìfọ̀ ni ó ti yí. Faithfull kú ní London ní oṣù kìíní ọdún 2025, ní ẹni 78 ọdún.

Ẹ lè fi Mick Jagger wé e, kí ó má pẹ́. Ọmọ olùkọ́ ni, Dartford ni wọ́n ti bí i, ó sì kàwé díẹ̀ ní London School of Economics, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ìgboro London ni ó mú dání níwájú makirofóònù. Ti tirẹ̀, ètè àti ahọ́n ni ó yí, ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó yí i. (Ìyípadà ẹnu kò mọ sọ́dọ̀ olórin. Jonathan Harrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìkíni Kérésìmesì Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti àwọn ọdún 1950 wé ti àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2000 pé fáwẹ̀lì rẹ̀ ti sún mọ́ ti àwọn ará ìlú.)

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ariwo

Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan síwájú. Kí ó ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé, kí ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ wá fi íápíìsì sí i létí méjèèjì, ẹ tan orin rọ́ọ̀kì sí i débi tí kò ní pa á létí, kí ó sì tún ìpínrọ̀ náà kà. Òun kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì á gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè. Inú kíláàsì á dùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín.

Étienne Lombard, dókítà ọmọ Faransé, ni ó ṣàlàyé èyí ní 1911: bí ariwo bá yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á ga láìjẹ́ pé ó pinnu bẹ́ẹ̀. Ó wá yẹ kí a ronú sí ìgbé ayé olórin rọ́ọ̀kì. Ó fi wákàtí méjì bá gìtá jà. Ó sọ̀ kalẹ̀, etí rẹ̀ ṣì ń hó, ó wá jókòó sínú yàrá tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo, ó ń kí àlejò, ó ń dá oníròyìn lóhùn, ọtí àti sìgá wà lọ́wọ́. Èmi gbà pé wákàtí ẹ̀yìn orin yìí burú fún ọ̀fun ju orin gan-an lọ, nítorí lórí ìtàgé ó kéré tán ó ń rántí pé òun ń lo ohùn. Àwọn tó mọ ọ̀gá olórin fújì lọ́jọ́ kejì òde àṣemọ́jú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Ọ̀bẹ dókítà, àti àìsàn

Ẹ yára kọjá níbí. Bonnie Tyler, olórin ọmọ Wales, ní kókó lórí tán-án-ná ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ní kí ó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó figbe ta. Ohùn híha tó kù sí i lọ́fun láti ìgbà náà ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Rod Stewart ní jẹjẹrẹ tairọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní ọrùn níwájú kòmóòkun. Wọ́n yọ ọ́ ní 2000, ó sì ní láti tún orin kíkọ kọ́. Ti Jon Bon Jovi ni ó bá Ìgbésẹ̀ Kejì wa mu jù: ọ̀kan nínú tán-án-ná rẹ̀ joro, kò lè bá èkejì pàdé mọ́, ni wọ́n bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn ní Philadelphia ní 2022 kí wọ́n lè máa kan ara wọn. Ẹni 60 ọdún ni lọ́dún náà.

Ozzy Osbourne, olórin rọ́ọ̀kì, ni kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i, Aston ní Birmingham ni ó sì dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n ń fi ilé rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2002, ó ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ òǹwòran kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ní oṣù kìíní 2020 ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ní àrùn Parkinson, àrùn tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọ, kí ó máa wọnú ara wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2025, ó jókòó sórí àga ńlá ní pápá Villa Park nílùú rẹ̀, ó sì kọrin, àwọn èrò sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn kan náà. Ẹ bi kíláàsì bí ó ṣe ṣeé ṣe. Ìdáhùn tí mo fẹ́ kí wọ́n wá dé ni pé orin ní ìlù tó ń sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò jáde, ó sì ní ọ̀rọ̀ tó ti há sórí láti nǹkan bí 50 ọdún. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ni yóò wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sì wá ìgbà rẹ̀.

Àkíyèsí fún olùkọ́

Ẹ má ṣe sọ ẹ̀kọ́ yìí di ìwàásù lórí oògùn olóró. Ìtàn Faithfull ti sọ ìyẹn fún ẹni tó létí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ohùn ẹnì kan nílé òun ti ha ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí kì í ṣe ọ̀fìnkìn, ẹ ní kí wọ́n lọ rí dókítà ọ̀fun. Oyin àti orógbó kò lè sọ ohun tó wà lórí tán-án-ná.

Ìgbéléwọ̀n

Kí ló dé tí ohùn obìnrin fi ń wálẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, tí ti ọkùnrin sì ń gòkè? Lo 17 àti 32 láti fi já ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọjọ́ orí ló ba ohùn Marianne Faithfull jẹ́. Èwo nínú ẹ̀yà ara ìfọ̀ ni ó yí padà lára Jagger, èwo ni ti Faithfull, èwo ni ti Osbourne? (Ìbéèrè yìí ni ó ní máàkì jù.) Ṣé ohùn Faithfull bàjẹ́ ni, àbí ó kàn di ohùn mìíràn? Kò sí èyí tí a ó fún ní máàkì lásán nínú méjèèjì. Àlàyé ni ká wò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí màmá àgbà rẹ, tàbí àgbàlagbà àdúgbò, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe wọ ilé-ìwé, tàbí bí wọn kò ṣe wọ̀ ọ́. Bí fídíò tàbí kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ àtijọ́ bá wà nílé tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀, fi méjèèjì wéra. Kọ ojú-ìwé kan lórí ohun tó yí padà, ohun tí kò yí, àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ohùn náà ṣe jẹun, bóyá ọjà ni, bóyá wáàsí, bóyá tíṣà. Ìṣẹ́jú kan péré ni kí ohùn tí ẹ máa mú wá jẹ́. Fáìlì tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní gbọ́ ọ.